Oògùn Oorun Inú ICU: Ohun Tó Yẹ Kí Nọ́ọ̀sì àti Ẹbí Máa Ṣọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn ará ìlú tó péjọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìjókòó o. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ẹni tí wọ́n bá fi oògùn sùn nínú ICU, ìyẹn yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tó lè sọ ìdí tó ṣì fi ń sùn. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó lè sọ ìdí náà, oorun yẹn ti ń di ewu, bí gbogbo ẹ̀rọ tilẹ̀ ń dún geere.

Kí ló ń gbé èèyàn dé ìdí oorun yìí? Ní agbègbè tiwa níbí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọlọ́kadà tó forí sọlẹ̀ lójú títì Ìtóìkín láìdé akoto. Apẹja tí ìwọ̀ tó ti dípẹtà gún lẹ́sẹ̀, tí kò gba abẹ́rẹ́, tí tẹ́tánọ́ọ̀sì wá ti ẹnu rẹ̀ pa. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú gìrì bá. Ẹni tí òtútù àyà ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ débi tí kò lè dá mí mọ́. Púpọ̀ nínú wọn là ń gbé kúrò níbí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kí wọ́n tó rí ibùsùn ICU.

Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á ki rọ́bà gba ẹnu wọn wọ ọ̀nà èémí, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí. Rọ́bà yẹn ń dunni, ó ń múni húkọ́, ó ń dẹ́rù bani. Ẹni tí kò sí oògùn lára rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á yọ, kí ó sì kú síbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí lọ bá dókítà jà pé kí wọ́n yọ oògùn lára èèyàn òun. Oògùn yẹn ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tí tẹ́tánọ́ọ̀sì ń ká ara rẹ̀ kò, kò sí bí a ṣe fẹ́ tọ́jú rẹ̀ láìfi í sùn.

Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó sinmi, ó ti jìyà." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Oorun oògùn kì í ṣe irú èyí tí à ń sùn lálẹ́. Ọpọlọ kì í rí ìsinmi tí oorun alẹ́ ń fún un gbà nínú rẹ̀. Aláìsàn ò lè yí ara padà, kò lè húkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dànù, kò lè wí pé gìgísẹ̀ ń ta òun. Gbogbo ohun tí ara máa ń fi ké sí wa ni oògùn ti pa lẹ́nu mọ́. Àwa tó wà lójúfò la gbọ́dọ̀ máa bá ara yẹn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ṣọ̀wọ́n jù, tó sì le jù, nítorí ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kì í wá sí wa lọ́kàn nígbà tó bá dé.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ propofol. Funfun ni, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé mílíìkì ni wọ́n fà sínú síríńjì, torí pé inú òróró ẹ̀wà sóyà ni wọ́n pò ó mọ́. Dókítà ẹranko kan láti Scotland, John Glen, ló ṣíwájú iṣẹ́ tó mú un jáde, ọdún 1986 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn tó dára gan-an ni. Wọ́n bá tì í wọ iṣan, ká tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan aláìsàn ti sùn. Wọ́n bá dá a dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kékeré, kò ní pẹ́ tí yóò fi jí. Àwọn tó rántí ikú Michael Jackson ní oṣù kẹfà ọdún 2009 á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó pa olórin yẹn yàtọ̀ sí èyí tí mo fẹ́ sọ: ilé ni wọ́n ti fún un, láìsí ẹ̀rọ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Èyí tí mo ń sọ, inú ICU gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀, lójú gbogbo ẹ̀rọ.

Lọ́dún 1992, àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn nípa ọmọdé márùn-ún tí àrùn ọ̀nà èémí gbé dé ICU, tí wọ́n sì fi propofol sùn. Ásíìdì ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà láìsí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, títí tí oògùn ọkàn kankan ò fi ràn án mọ́. Àwọn márààrún ló kú. Nígbà tó di ọdún 1998, wọ́n ti rí irú rẹ̀ tó láti fún un lórúkọ: propofol infusion syndrome, tí àwa òṣìṣẹ́ ń gé kúrú sí PRIS. Àwọn kan ṣì rò pé ti ọmọdé nìkan ni. Lọ́dún 2001, ìròyìn dé láti Utrecht ní Netherlands nípa àgbàlagbà 67 tí orí wọn fara pa. Ọkàn àwọn méje nínú wọn daṣẹ́ sílẹ̀ bákan náà, wọ́n sì kú. Bí ìwọ̀n tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́wọ́ wákàtí ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewu ń ga.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ibi kékeré kan wà tó ń sọ ṣúgà àti ọ̀rá di agbára. Mitokọ́ńdíríà lorúkọ rẹ̀. Propofol tó pọ̀ jù tó sì pẹ́ jù ń dí iṣẹ́ ibẹ̀ lọ́wọ́, pàápàá jù lọ iṣẹ́ jíjó ọ̀rá fún agbára. Ọkàn kì í sinmi, ọ̀rá ló sì ń jó jù, nítorí náà ìyà ọ̀hún tètè máa ń jẹ ẹ́. Ẹran ara itan, ti ẹ̀yìn, ti apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Bí wọ́n ṣe ń wó, ohun inú wọn ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Potásíọ̀mù wà lára rẹ̀, èyí tó bá pọ̀ á dá ọkàn dúró. Èròjà tó ń mú ẹran pupa náà wà níbẹ̀, òun ló ń dí kíndìnrín, òun ló sì ń sọ ìtọ̀ di dúdú bíi Coca-Cola.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ̀lú mi díẹ̀ lórí ìtọ̀ yìí. Propofol lè sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ewé. Ó máa ń ba ẹbí lẹ́rù, nígbà mìíràn ó ń ba àwa náà lẹ́rù, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé yẹn kì í pani lára, á lọ bí wọ́n bá ti dá oògùn náà dúró. Àwọ̀ Coke ló yẹ kó lé yín dìde lórí àga. Ẹ gbé àpò ìtọ̀ náà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Àmì mìíràn máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀: ásíìdì ẹ̀jẹ̀ tó ń ga láìnídìí, ọkàn tó ń lù lọ́ra, ìlà ẹ̀rọ ọkàn tó yí padà, ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú ìgò kékeré tí ọ̀rá funfun wá léfòó lórí rẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n ní ká má ṣe kọjá fún ìgbà pípẹ́ ni mílígíráàmù 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan. Ó sì tún burú sí i bó bá kọjá wákàtí 48. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọkùnrin tó wọn kílò 70, 280 mílígíráàmù ni òkè pátápátá rẹ̀ ní wákàtí kan. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú oògùn náà, mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan, ó túmọ̀ sí pé pọ́ńpù tó ń ti oògùn wọ iṣan kò gbọ́dọ̀ tì ju mílílítà 28 lọ lọ́wọ́ wákàtí. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń pààrọ̀ síríńjì onímílílítà 50 kí wákàtí méjì tó pé, aláìsàn kílò 70 yẹn ti ń wọ ibi eléwu, yálà ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ síríńjì ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Mo gbà gbọ́ gidigidi pé a gbọ́dọ̀ fún un láyè láti sọ̀rọ̀, bó ti wù kí dókítà tó kọ ìwọ̀n náà ga tó.

Àwọn tó tètè ń kó sí i ni ọmọdé, ẹni tí orí rẹ̀ fara pa, ẹni tí wọ́n tún ń fún ní oògùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ró bíi adrenaline, àti ẹni tí oúnjẹ ò wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ti oúnjẹ yìí ká mi lára. Bí ṣúgà ò bá wọlé, ọ̀rá ni ara á fẹ́ jó, ọ̀nà jíjó ọ̀rá yẹn sì ni oògùn ti dí. Ẹ bèèrè nípa oúnjẹ aláìsàn yín bí ẹ ṣe ń bèèrè nípa oògùn rẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń pa PRIS. Kí wọ́n dá propofol dúró kíá, kí wọ́n lo òmíràn, kí wọ́n gbé ọkàn ró, kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ bí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́. Ohun tó wà nìyẹn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, aláìsàn 11 nínú 1,017 tí wọ́n fi propofol sùn ló ní in. Bí ẹ bá ní kò pọ̀, òótọ́ ni. Ẹni tó bá bọ́ sí lára ò sì mọ̀ pé kò pọ̀.

Mo ní láti sọ ti oògùn kejì, nítorí ó fi hàn pé ewu lè wà nílẹ̀ kí ojú má tó o. Etomidate ni. Ó dára fún fífi èèyàn sùn lẹ́ẹ̀kan, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, torí pé kì í mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Nígbà kan rí, wọ́n wá ń fi sí ara àwọn tó fara pa ní jàǹbá, wọ́n ń jẹ́ kó máa kán wọlé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní Glasgow ní Scotland, dókítà méjì, Ledingham àti Watt, ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn ń kú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n padà sínú ìwé àkọsílẹ̀. Lọ́dún 1983 wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí: nínú àwọn tí wọ́n fi oògùn ti tẹ́lẹ̀ sùn, 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú, nínú àwọn tí wọ́n fi etomidate sùn, 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn náà ti ń dí ẹ̀yà kékeré tó wà lórí kíndìnrín lọ́wọ́, èyí tó ń ṣe cortisol tí ara fi ń kojú wàhálà. Kò sí àmì kan lójú aláìsàn. Ó ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó padà lọ ka àkọsílẹ̀ ló rí i. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣàròyé pé ìwé kíkọ ti pọ̀ jù nínú ICU.

Lorazepam, oògùn oorun mìíràn, ní tiẹ̀, kì í ṣe òun gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ bó bá pẹ́. Omi tí wọ́n fi pò ó, propylene glycol, ló ń kó jọ, tí á máa sọ ẹ̀jẹ̀ di ásíìdì, tí á sì máa ṣe kíndìnrín léṣe. Dókítà lè máa wá àrùn kiri inú ara, nígbà tó jẹ́ pé inú síríńjì ni àrùn wà.

Midazolam àti diazepam, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Valium, ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, wọn kò sì gbówó lérí bíi àwọn yòókù. Ewu tiwọn ni pé wọn kì í tètè kúrò lára. Wọ́n ń wọ inú ọ̀rá ara bí epo pupa ṣe ń wọ inú aṣọ funfun; ẹ ti fọ̀ ọ́, ó tún ń yọ. Ohun tí ẹ̀dọ̀ sì sọ wọ́n dà, òun náà ṣì ń muni sùn, kíndìnrín ló sì yẹ kó kó o dànù. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ kò lè kó o. Wọ́n á pa pọ́ńpù, ọjọ́ kan á kọjá, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, aláìsàn ò lajú. Ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ayé, wọ́n á ní ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára gba ẹ̀rọ kúrò lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ dájú pé oògùn ti tán lára rẹ̀.

Èyí tí kò ṣọ̀wọ́n, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Egbò ìdùbúlẹ̀ ní ìdí, ní gìgísẹ̀, ní ìpàkọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tó sì rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà láti inú ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín, tí kò lè gbé oníǹkan dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, tí bàbá tó jẹ́ ọmọlúàbí á máa bú àwọn ọmọ rẹ̀, tí á ní wọ́n fẹ́ jí òun gbé. Ti ojú nìkan ni mo fẹ́ fi hàn yín, torí wọn kì í ka á sí. Ẹni tó sùn lábẹ́ oògùn kì í pa ojú dé tán. Ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ ó rí ìlà funfun tín-ín-rín láàárín ìpéǹpéjú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹyinjú á gbẹ, á dégbò, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Èèyàn lè kúrò nínú ICU pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ̀ kí ó má sì ríran dáadáa mọ́. Oògùn ìpara ẹyinjú díẹ̀ àti kí a rọra pa ìpéǹpéjú dé ló ń dènà rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìrora ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Bó bá jẹ́ ìrora ló ń mú aláìsàn jà, oògùn ìrora ló nílò, ẹ má ṣe fi oorun bo ìrora mọ́lẹ̀. Èkejì, kí a máa fi òṣùwọ̀n wo bí oorun náà ṣe jìn tó. Èyí tí wọ́n ṣe ní Richmond ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2002, rọrùn: ó bẹ̀rẹ̀ láti +4 dé -5. Òdo ni ẹni tó lajú tí ara rẹ̀ balẹ̀. -5 ni ẹni tí a pè, tí a fọwọ́ kàn, tí kò mira. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn, àárín -2 sí +1 ló yẹ wọ́n. Mo ti rí -5 tó fi ọjọ́ púpọ̀ wà nínú ìwé láìsí ìdí kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú.

Ẹ̀kẹta ni jíjí wọn lójoojúmọ́. Ní Chicago, lọ́dún 2000, wọ́n gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 128. Àwọn kan, wọ́n ń dá oògùn oorun wọn dúró lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi jí; àwọn yòókù, ó di ìgbà tí dókítà bá fẹ́. Àwọn tí wọ́n ń jí lo nǹkan bí ọjọ́ 4.9 lórí ẹ̀rọ, àwọn yòókù lo 7.3. Ẹ̀yin tó ń sanwó ICU láti àpò ara yín, tí ẹ ti ta ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ mọ ohun tí ọjọ́ méjì jẹ́.

Bó ṣe ń lọ rèé. Dókítà fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì dá pọ́ńpù dúró, ó dúró ti ibùsùn, kò lọ síbì kankan. Ó di ọwọ́ aláìsàn mú kí ọwọ́ náà má lọ fa rọ́bà. Ó ń pè é: "Mọ́mì, ẹ lajú. Ẹ fún mi lọ́wọ́. Ẹ yọ ahọ́n yín." Níbi yìí la ti nílò ẹbí. Ẹ sọ orúkọ tí ẹ ń pè é nílé fún wa. Ìyá tí gbogbo ọjà Olúwo mọ̀ sí Àjọkẹ́, bí nọ́ọ̀sì bá ń pe orúkọ tó wà nínú fáìlì, ó lè má mọ̀ pé òun là ń bá wí.

Àwọn kan wà tí a kì í jí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ wú nínú agbárí, ẹni tí gìrì rẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró, onítẹ́tánọ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ ṣì ń le, ẹni tí wọ́n fún ní oògùn tó mú gbogbo iṣan rọ. Tiwọn ní ìdí, dókítà á sì lè sọ ìdí náà fún yín. Ẹni tó sì ti pẹ́ lórí midazolam, díẹ̀díẹ̀ la ń dín in kù, torí bí a bá já a gbà lójijì, gìrì lè gbé e.

Ìyá àgbà kan dìde láti ẹ̀yìn, wọ́n bèèrè bóyá ẹni tó sùn bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ wa. Mo dá wọn lóhùn pé àwọn mìíràn máa ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jí, àwọn mìíràn kò rántí nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tó jẹ́, ẹ sọ ibi tí wọ́n wà, ẹ sọ pé rọ́bà ni kò jẹ́ kí wọ́n lè fọhùn. Ẹ má ṣe jókòó tì wọ́n kí ẹ máa jà lórí owó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè nípa propofol tí wọ́n ní kí òun lọ rà níta. Mo ní kó rà á lọ́dọ̀ onílé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, kó wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kó sì má gba ìgò tí wọ́n ti ṣí. Òróró inú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò àrùn. Èyí tí wọ́n bá ti ṣí tí wọ́n so mọ́ aláìsàn, bó bá ti di wákàtí 12, ṣe ni kí wọ́n da èyí tó kù nù kí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, bó ti wù kó dunni tó nítorí owó rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, obìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láti bèèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sì gbà pé kí n dáhùn rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Àbúrò rẹ̀ ń lo tramadol kó tó ní jàǹbá, ẹbí kò sì fẹ́ kí dókítà mọ̀. Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ti tramadol, ti kódíìnì, ti ògógóró tó ń mu láràárọ̀, ti oògùn wárápá tó ń lò, ti àgbo tó ti ń mu láti oṣù tó kọjá. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn, ìwọ̀n tó ń mú ẹlòmíràn sùn lè má mú un sùn. Wọ́n á máa fi kún un, wọ́n á máa fi kún un, láìmọ̀ pé ògógóró tàbí tramadol tó já gbà lójijì ló ń mú un gbọ̀n tó sì ń jà. Ọ̀nà tí èèyàn máa ń gbà dé ìwọ̀n eléwu tí mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọjọ́ kìíní gan-an, kí pọ́ńpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.